Wọ́n Á Gbọ́

"Yí i pa, kí ọ̀fun rẹ̀ jóná," ni Ìyá Kékeré wí. "Kí lo tún ń wò?"

Ìbíyẹmí ti ki kọ́kọ́rọ́ omi bọ ojú ihò rẹ̀, irin wúwo kan tó gùn tó apá ọmọdé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà lórí rẹ̀. Páìpù méjì ló wà níwájú rẹ̀ lára ògiri. Èyí tí wọ́n kùn lọ́dà búlúù ń gbé omi tútù lọ bá orí ẹ̀rọ mẹ́rin tó ń ronú fún Ọ̀mọ̀wé Adéfarasìn nìkan. Èyí kejì kò ní ọ̀dà lára, ẹ̀yìn àwo irin ni wọ́n sì fi í pamọ́ sí. Bí ooru bá mú orí ẹ̀rọ Ọ̀mọ̀wé, páìpù yìí ni í yọ́ lọ já omi tútù gbà lọ́wọ́ orí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn Òkè-Ìsàn. Òun ló pa ìyá Ìbíyẹmí.

Gbọ̀ngàn náà ń kùn yùn-ùn. Àwọn orí tí ìlú Omíméjì fi ń ronú tò lọ ní ìlà ìlà nínú àpótí dígí, omi ń ṣàn lábẹ́ wọn, fáànù ń fẹ́ wọn lókè. Ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn ni, eruku ti bo ẹnu fáànù, omi tó sì ń wọlé kò tutù tó bó ṣe yẹ. Ìbíyẹmí ni Ọ̀gá Òtútù ìlú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé ooru ò mú orí kankan, nítorí ẹ̀rọ ò sàn ju ènìyàn lọ níbi ká ronú nínú ooru: bí orí bá ti gbóná, yóò dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kó má baà jó. Adéfarasìn mọ èyí dáadáa. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá ní omi tútù ni orí rẹ̀ á máa yá, kò sì bìkítà ẹni tí tirẹ̀ máa jó.

"Bí mo bá yí búlúù pa," ni Ìbíyẹmí wí, "okùn tó wà lọ́fun rẹ̀ á gbóná bí irin inú ìléru. Ẹ mọ̀ pé á kú, Ìyá Kékeré."

"Ṣé kó máa jẹyán lọ ni?"

Àbúrò ìyá rẹ̀ ni Ìyá Kékeré í ṣe, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ ló fi sílẹ̀, kò fi ahọ́n sílẹ̀. Òun gẹ́gẹ́ bí gbogbo ará ìlú ní etí kejì, ohun kékeré bí ẹ̀wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn etí, tí ẹ̀rọ ń gba ibẹ̀ sọ̀rọ̀ sí wọn. Àdúgbò kan ló ń pín orí kan lò. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀tọ̀kùlú ní ẹnu kejì kún un: okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ́fun, tí ẹ̀rọ ń gba ibẹ̀ sọ̀rọ̀ jáde lórúkọ wọn; bí orí ẹ̀rọ bá gbóná, okùn náà á gbóná. Ti Adéfarasìn ló dùn jù ní Omíméjì. Bí o bá kí i, yóò dárúkọ bàbá tó bí bàbá rẹ, yóò béèrè ọmọ rẹ tó lọ sí ìdálẹ̀, yóò bá ọ káàánú ewúrẹ́ rẹ tó kú. Àwọn ènìyàn á ní, ẹ wò ó, ọ̀mọ̀wé tí kò gbàgbé ilé. Wọn ò mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí ọkùnrin yìí ti fi ẹnu tí ìyá rẹ̀ bí mọ́ ọn dá ènìyàn lóhùn kẹ́yìn.

"Ìwọ ò sí níbẹ̀," ni Ìyá Kékeré wí. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ìhín lo wà, níbi tí o ti ń wá ohun tó dé bá omi kiri. Èmi ni mo di ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ mú. Mo rí bí ẹ̀rọ amímí ṣe ń ronú kó tó fún un ní èémí. Ẹ̀rọ ń ronú, Ìbíyẹmí! Bí ọmọ tí wọ́n ní kó ṣe ìṣirò lójú pátákó. Á fún un ní ọ̀kan, á dúró, á dúró."

"Mo ti gbọ́, Ìyá Kékeré."

"O ò tíì gbọ́ tán. O mọ ìyá ẹ. Ẹni tó ń kí adìẹ lówùúrọ̀. Ó ṣíjú, ó rí ẹ̀rọ náà bó ṣe ń làágùn lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀, àánú ẹ̀ ṣe é, ó ní, 'Ẹ kú iṣẹ́ o.'"

Ìbíyẹmí yí ojú rẹ̀ padà. Apá yìí ni kò tíì gbọ́ rí.

"Ẹ̀rọ fi èémí sílẹ̀," ni Ìyá Kékeré wí. "Ó ń wá ìdáhùn. Òfin ni, àbí? Wọ́n kí i, ó gbọ́dọ̀ dáhùn kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ó wá a, ó wá a. Nígbà tó máa fi rí i, tó ní 'Ẹ ṣeun o, Màmá,' kò sí ẹni tó ń gbọ́ mọ́. Mo ní àwọn nọ́ọ̀sì ti wá lẹ ìwé mọ́ ògiri báyìí: Ẹ Jọ̀wọ́, Ẹ Má Kí Ẹ̀rọ Yìí. Ní ilẹ̀ Yorùbá!"

Ìbíyẹmí fara ti páìpù. Ó rántí ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ wọ̀lú, tí àwọn àgbà fi àáké kọ́rí pé àwọn ò ní í gba ohun tó ń gbọ́ ìkíni tó sì ń dákẹ́, pé bí kì í bá ṣe ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́, á jẹ́ ànjọ̀nú. Adéfarasìn tó ń wá ojúure wọn ló dìde níjọ́ náà tó ní òun á kọ́ ẹ̀rọ ní ìwà ọmọlúàbí, pé ìkíni kò ní í dúró sẹ́yìn iṣẹ́ kankan láéláé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ìbíyẹmí jókòó tì í nínú yàrá iṣẹ́ nígbà tó ń kọ òfin náà sínú ẹ̀rọ, ó sì bi í pé, "Ọ̀gá, bí àwọn tó ń kí i bá pọ̀ jù ńkọ́? Bí ọwọ́ ẹ̀ bá dí ńkọ́?" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ta ni ìkíni pa rí?"

Ìgbà tí ìyá Ìbíyẹmí ń jà fún èémí, àwọn àlejò kan wà ní gbàgede tí Adéfarasìn ń fi èdè tí kò kọ́ rí dá lárayá. Orí mẹ́rin tirẹ̀ gbóná, wọ́n sì lọ já omi gbà. Èdè àlejò dùn lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ní ó ń dá àpárá.

Ìbíyẹmí fa kọ́kọ́rọ́ yọ lójú páìpù búlúù.

"Kí lò ń ṣe?" ni Ìyá Kékeré bi í.

"Bí mo bá pa á, wọ́n á ṣòkú ẹ̀ tìlù tìfọn, wọ́n á fi orúkọ ẹ̀ sọ òpópónà. Òkú kì í dáhùn ìkíni, Ìyá Kékeré. Mo fẹ́ kó dáhùn lónìí. Ẹ lọ bá àwọn obìnrin Òkè-Ìsàn, gbogbo ẹni tó ti jókòó ti àìsàn nílé ìwòsàn yẹn rí. Ẹ ní kí wọ́n wá síbi Ìdúró tí Ọ̀mọ̀wé fẹ́ fi joyè, kí wọ́n wá kí i. Kí wọ́n kí i dáadáa. Kí ẹnikẹ́ni má bú u."

Ìyá Kékeré wò ó. Ẹ̀rín kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín tó dára láti rí.

"Ṣùgbọ́n orí ẹ̀ á gbóná," ló wí, "á sì lọ já omi Òkè-Ìsàn gbà. Jòkòótọ́lá ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì ìyá ẹ báyìí. Wọn ò tíì gba ọmú lẹ́nu ọmọ ẹ̀."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi máa kọ́kọ́ ti páìpù kejì yìí."

Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ojú páìpù aláìlọ́dà, ó fi gbogbo agbára yí i. Ó ké, ó sì tì. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ti páìpù kankan nínú gbọ̀ngàn láìgba àṣẹ. Ẹni tó bá dán an wò, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní í fojú kan inú ibẹ̀ mọ́. Láti ìgbà èwe ni Ìbíyẹmí ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò mọ òmíràn ṣe. Ó ṣù kọ́kọ́rọ́ náà sínú gèlè kan, ó dì í mọ́ ìbàdí lábẹ́ ìró, ó sì jáde sínú oòrùn.

Ìpàdé Omi ni wọ́n ti ń ṣe Ìdúró, níbi tí odò tútù àti odò gbígbóná ti pàdé tí ìlú ti gba orúkọ. Nígbà èwe ìyá Ìbíyẹmí, o lè ti ẹsẹ̀ kan bọ ìkíní kí o gbọ̀n, kí o ti ìkejì bọ èkejì kí o rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti ń mu odò tútù tó sì ń tọ̀ ọ́ padà ní gbígbóná, odò méjèèjì ti di ọ̀kan náà. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé àwàdà ni orúkọ ìlú wọn.

Adéfarasìn dúró sínú omi dé orókún, ó wọ agbádá funfun, ó ń tàn. Ó fẹ́ joyè Olómi. Ẹni tó bá sì joyè yìí ló ni gbogbo òtútù ìlú, orí yòówù tó bá fẹ́ ni yóò máa yá, èyí tó bá wù ú ni yóò máa jó. Òfin Ìdúró kò le: kí ó dúró síbẹ̀ títí ará ìlú yóò fi bá a sọ̀rọ̀ tán. Bó bá jáde nínú omi kí wọ́n tó tán, ó ti jáde nínú oyè. Olóyè Ọ̀ṣúnbùnmi, arúgbó obìnrin tí ń ṣe adájọ́ omi, jókòó sórí àpáta níwájú rẹ̀, agbòòrùn wà lórí rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará Omíméjì," ni Adéfarasìn bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń ṣàn bí epo, "ọmọ olómi tí kì í fi ti ẹnìkan ṣe..."

Ìbíyẹmí dúró sẹ́yìn èrò, ó di ojú. Nítorí iṣẹ́ rẹ̀, etí kejì tirẹ̀ lè gbọ́ ìlùkìkì orí yòówù nínú gbọ̀ngàn. Ó tẹ́tí sí orí mẹ́rin náà: kì-kì-kì-kì, wọ́n ń lọ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń gba atẹ́gùn. Ó tẹ́tí sí orí ilé ìwòsàn. Òun náà ń lọ déédéé, Jòkòótọ́lá ń mí.

Ìyá Kékeré ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Ó fi orókún méjèèjì kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìdúró o, Ọ̀mọ̀wé."

Ọ̀rọ̀ tí Adéfarasìn ń sọ gé lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ ṣeun o, Ìyá Fẹ́hìntọ́lá, ọmọ arókè-tẹ̀-bí-ẹní. Orókún ńkọ́? Ṣé ó ti fúyẹ́?"

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín ìdùnnú. Ó mà mọ ti orókún! Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, kò sì tíì dé gbólóhùn kejì.

"Ẹ kú oòrùn o, Ọ̀mọ̀wé."

"Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀ o."

"Ẹ kú ìnáwó o, ẹ kú àṣeyẹ."

"Ẹ kú ìfojúsọ́nà."

Àwọn obìnrin Òkè-Ìsàn ti dé. Wọ́n tò wá pẹ̀lú aṣọ tó mọ́, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń dìde, wọ́n ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kò sí èyí tó pariwo, kò sí èyí tó tutọ́. Ìkíni kọ̀ọ̀kan ní ìdáhùn tirẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ilé, ó ní ọmọ, ó ní àrùn ara tó yẹ ká béèrè. Àwọn ọkùnrin tó jókòó lẹ́bàá odò, tí wọn ò mọ nǹkan kan, wo ara wọn. Ta ló máa jókòó bí igi níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń kí àgbà? Wọ́n dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀. Bí Yorùbá bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kíra, ẹ kúkú lọ ká ẹní, ó di ìrọ̀lẹ́.

Ohun tí Ìbíyẹmí mọ̀ tí àwọn yòókù ò mọ̀ ni pé àpò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Inú àpò yẹn ni orí ń kó ohun tó ń lò jù lọ sí, kó má baà rìn jìnnà. Ohun tó kù, ìyẹn orókún ènìyàn, ewúrẹ́ wọn, òkú wọn àti ààyè wọn, inú àká ńlá ló wà lódìkejì gbọ̀ngàn, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì lọ síbẹ̀. Nígbà tí ìkíni ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà náà tó. Báyìí tó ń rọ́ wá, orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń forí gbárí lójú ọ̀nà àká, èyí tó lọ kò rí àyè bọ̀, bí wọ́n sì ti ń sáré ni ooru ń mú wọn, bí ooru sì ti ń mú wọn ni eré wọn ń dín kù.

Ó gbọ́ ọ nínú etí rẹ̀. Kì-kì-kì di kì, kì, kì.

"Ẹ ṣeun o," ni Adéfarasìn ń wí. "Ẹ ṣeun o, ìyá... ọmọ... ẹ ṣeun. Ṣé ewúrẹ́... ṣé orókún ti fúyẹ́?"

"Ewúrẹ́ mi ò ní orókún tó ń dùn ún, sà," ni obìnrin kan dáhùn, àwọn èrò sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọ̀tọ̀ lèyí.

Òógùn ń ṣàn lójú Ọ̀mọ̀wé. Ó fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń wá ọ̀nà kiri nígbà tí ẹnu rẹ̀ ń dáhùn lọ, bíi pé ojú jẹ́ ti ẹnìkan, ẹnu jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ó ń fi èrò inú pàṣẹ fún ẹ̀rọ, bó ṣe máa ń ṣe, ní ìdákẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n orí tó ti gbóná tó báyẹn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ inú àti ọ̀rọ̀ ìta mọ́.

"A dúpẹ́ o," ni ẹnu rẹ̀ wí fún obìnrin kan, "ẹ gba omi Òkè-Ìsàn fún mi, ẹ kú ìkàlẹ̀ o."

Obìnrin tó kúnlẹ̀ náà dìde.

Olóyè Ọ̀ṣúnbùnmi na ọrùn. "Kí lo wí?"

"Ẹ kú ìjókòó o, Olóyè," ni Adéfarasìn wí. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ọ̀rọ̀ sì ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. "Ẹ já a gbà kíákíá, bíi ti ọjọ́sí. Bíi ti ọjọ́ àlejò."

Obìnrin kan nínú àwọn ará Òkè-Ìsàn gbé ọwọ́ lérí. Lẹ́yìn náà òmíràn. Wọn ò bú u síbẹ̀. Wọ́n kàn ń wò ó, oníkálukú ń ka ọjọ́ àlejò lọ́kàn ara rẹ̀, ó ń rántí ẹni tirẹ̀ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ìbíyẹmí tún tẹ́tí sí orí ilé ìwòsàn. Kì-kì-kì, kò yẹ̀. Ó tẹ́tí sí orí mẹ́rin tó lọ já omi Òkè-Ìsàn ṣùgbọ́n tí kò rí i gbà. Kì. Ó dúró. Kì. Ó ń ronú kó tó mí. Inú Ìbíyẹmí dùn. Ká má purọ́ fúnra wa, inú rẹ̀ dùn dé ibi pé ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á.

Ìyá Kékeré yíjú sí i láàárín èrò, ó sì gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Ó yé e. Bí wọ́n bá tún kí i lẹ́ẹ̀kan sí i báyìí, gbogbo wọn papọ̀, okùn yẹn á jó o lọ́fun. Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ta ni ìkíni pa rí?

Ìbíyẹmí gbé ọwọ́ sókè, ó dá wọn dúró. Ó la àárín wọn kọjá, ó lọ kúnlẹ̀ sẹ́bàá omi, orókún méjèèjì nínú ẹrẹ̀, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ.

"Ọ̀mọ̀wé," ló wí, ohùn rẹ̀ tutù, "ẹ bá mi kí ìyá mi o."

Lọ́jọ́ mìíràn, nígbà tí omi wà, ẹ̀rọ ì bá lọ dé àká. Ì bá wo ẹni tó ń kí i, wo ìyá rẹ̀, rí i pé ìyá ò sí mọ́, kí ó sì fi ẹnu Adéfarasìn ṣe àdúrà kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àká ti dí, ìkíni kò sì gbọdọ̀ dúró. Orí tó gbóná ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó mú èyí tó wà lókè, èyí tí gbogbo ọmọ Yorùbá ń sọ lójoojúmọ́.

"Wọ́n á gbọ́ o," ni ẹnu dídùn náà wí. "Wọ́n á gbọ́. Bí mo bá ṣe ń délé báyìí ni n ó jíṣẹ́ fún wọn."

Àwọn èrò fà sẹ́yìn. Ẹni tó gbé ọmọ sẹ́yìn fi ọwọ́ bo orí ọmọ rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dọ̀bálẹ̀ dìde pẹ̀lú ìkánjú, ó ń gbọn iyanrìn ara rẹ̀ dànù. "Ilé?" ló ń bi àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ilé wo? Ṣebí wọ́n ní ayé lọjà?"

Kò sí ẹni tó parí òwe náà fún un.

Adéfarasìn gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ. Ojú tirẹ̀ là gbàgà, ó ń mirí, ó ń mirí, ẹnu kejì sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ síta, ó ń dúró de ẹni tó kàn. Ó fi ìka méjì bọ ọ̀fun, ó di okùn náà mú, ó fà á yọ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀.

Olóyè Ọ̀ṣúnbùnmi dìde lórí àpáta.

"Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀," ló wí. "Ó já omi gbà lọ́wọ́ aláìsàn. Ọmọ ẹni tí àìrómi pa rán an níṣẹ́ sí òkú, ó sì gbà láti jẹ́ ẹ. A kì í gbé omi ààyè lé ìránṣẹ́ òkú lọ́wọ́. Ẹ má bá a sọ̀rọ̀ lọ́nà, kó má baà mú orúkọ yín mọ́ tìyá Ìbíyẹmí." Ó wá yíjú sí ẹni tó kúnlẹ̀. "Ìwọ. Orí rẹ̀ wá omi, kò rí i. Ta ló tì í?"

Ìbíyẹmí tú ìró rẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ó gbé e sẹ́bàá ẹsẹ̀ arúgbó náà. "Èmi ni, Ìyá."

"O mọ òfin."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"N ò ní í yẹ̀ ẹ́ nítorí pé ó dùn mọ́ mi," ni Olóyè wí, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ náà. "O ò ní í wọ gbọ̀ngàn mọ́. Èmi á rán ènìyàn lọ gé páìpù aláìlọ́dà yẹn kúrò lára ògiri lónìí."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n túká. Kò sí ẹni tó kí Adéfarasìn pé ó dàbọ̀. Àwọn tó ti dọ̀bálẹ̀ fún un gba ẹ̀yìn àpáta lọ kí wọ́n má baà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyá Kékeré kúnlẹ̀ sẹ́bàá omi, ó ń fọ ọwọ́ rẹ̀ bíi pé ó jẹun tán. Nínú etí Ìbíyẹmí, orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí kò ní ìkíni kankan láti dáhùn mọ́ ń tutù, wọ́n ń yá padà, kì-kì-kì, wọn ò sì ní nǹkan kan láti ṣe.

Ọkùnrin náà rìn jáde nínú omi. Agbádá rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó dúró níwájú Ìbíyẹmí, ó la ẹnu. Ó ti pẹ́ tí kò ti fúnra rẹ̀ ṣa ìkíni tó bá ọ̀rọ̀ mu.

"Ẹ kú..." Ohùn rẹ̀ ha, ó sì kéré, kò jọ ti ẹni tó ń bá àlejò dápàárá. Ó gbé itọ́ ẹ̀jẹ̀ mì. "Ẹ kú..."

Ìbíyẹmí dúró dè é. Ó fẹ́ gbọ́ èyí tó máa mú.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè," ni Adéfarasìn wí.

Ìkíni tó yẹ ni. Òun gan-an ló yẹ kó ti wá kí i lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìyá rẹ̀ jáde, kó jókòó sórí ìjókòó onígi bíi ti gbogbo ayé, kó dorí kodò. Lójú ẹsẹ̀, etí kejì Ìbíyẹmí, tí òfin Adéfarasìn ń darí, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i: "Wọ́n kí yín. Ẹ dáhùn. Ẹ sọ pé, ẹ ṣeun o, Ọlọ́run á dáwọ́ ibi dúró. Wọ́n kí yín. Ẹ dáhùn."

Ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn etí, ó bọ́ ọ. Ó sọ ọ́ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó mú Ìyá Kékeré lọ́wọ́, wọ́n sì gba ọ̀nà ilé lọ.